Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Olùtọ́jú Àgbà ní Peckham Lásìkò Ìjì

Àwọn baba wa, tí ojú wọn ti rí ogun Ìjàyè àti ti Kírìjì kí wọ́n tó rí àlàáfíà, ni wọ́n fi ìrírí sọ ọ́ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe náà kò ṣèlérí fún arọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò nà lọ́jọ́ ogun, kò sì sọ pé àwọn géńdé ìlú yóò rántí rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún, tí olúkúlùkù ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Ohun tí ó sọ ni pé ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó wà láàárín ìròyìn ogun àti dídé ogun, òun ni ẹsẹ̀ arọ, òun ni odi ìlú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi ọjọ́ wọ̀nyí sùn ti fi gbogbo ohun tí ó ní sùn. Mo gbé òwe yìí kalẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ kíà ní Peckham, ní Camberwell, àti ní ìhà Old Kent Road gbogbo, àgàgà ẹ̀yin tí ẹ ń sìn ní àwọn ilé tí àwọn Kristẹni dá sílẹ̀ fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, yálà owó oṣù ni ẹ ń gbà níbẹ̀ tàbí ẹ kàn ń fi ara yín jìn nítorí Olúwa. Arọ inú òwe náà kò jìnnà sí yín: òun ni màmá tí kò lè dìde lórí àga bí kò bá di irin ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ mú, òun ni bàbá tí ẹ̀rọ ń bá mí, òun ni ìyá àgbà tí kò mọ̀ bóyá alẹ́ ni ó lẹ́ tàbí ilẹ̀ ni ó mọ́. Ọgbọ́n tí òwe náà béèrè lọ́wọ́ arọ, ọwọ́ yín ni ó ti bọ́ sí báyìí, nítorí pé ẹ̀yin ni ojú wọn, ẹ̀yin náà sì ni ẹsẹ̀ wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí, ìjì kì í dédé já lu ènìyàn mọ́. Láti ọdún 2015 ni Met Office, iléeṣẹ́ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ti pa ìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú Met Éireann ti ilẹ̀ Ireland, tí wọ́n ń sọ ìjì líle kọ̀ọ̀kan lórúkọ, Abigail sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, ìwé orúkọ tuntun a jáde. Bí ó bá sì ku díẹ̀ kí ìjì dé, wọ́n a fi àwọ̀ mẹ́ta kìlọ̀: ìyeyè fún ẹni tí yóò ṣọ́ra, àwọ̀ ọsàn fún ẹni tí yóò tètè múra, pupa fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu bí ó bá jáde. Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ ní London mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1987, àwọn ará ìlú sùn láìfura. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìjì ti jà láti etíkun gúúsù dé London, ó ti pa ènìyàn 18 ní ilẹ̀ yìí, ó ti wó igi tó tó mílíọ̀nù 15, ìlú Sevenoaks ní Kent, tí igi óákù méje fún ní orúkọ, sì ti pàdánù mẹ́fà nínú méjèèje lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Iná mànàmáná kú ní London lọ́nà tí kò tíì ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí bọ́ǹbù Hitler ti ń bọ́ lé ìlú náà lórí. Lẹ́yìn ìjì yẹn ni wọ́n tó dá ètò ìkìlọ̀ tuntun sílẹ̀, kí ogun àìgbọ́ lè di ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ìkìlọ̀ bá dé sórí fóònù yín, ẹ má ṣe fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀mí ènìyàn ni a fi ra á.

Bẹ́ẹ̀ ni ìjì tí a ti kéde kò di èyí tí kò lè pani. Nínú oṣù Kejì ọdún 2022, mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Dudley, Eunice àti Franklin, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ ìjì lórúkọ. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18 oṣù náà, ni Eunice jà. Ìkìlọ̀ pupa wà lórí London láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní Needles tí ó wà ní Isle of Wight, afẹ́fẹ́ sáré tó máìlì 122 láàárín wákàtí kan. Ó fa aṣọ orí O2 ní Greenwich ya, níbi tí kò jìnnà sí wa rárá. Igi sì wó lu ọkọ̀ tí obìnrin kan wà nínú rẹ̀ ní àríwá London, obìnrin náà sì gba ibẹ̀ kú. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ilé tí iná kú mọ́ lórí. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Àmọ́ ẹni tí ó jẹ́ géńdé lè sáré wọlé, ẹni tí a bá ti gbé sórí ibùsùn kò lè sáré.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹ̀ wá, nítorí pé ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìjì òkun ńlá tí ayé mọ̀ sí hurricane, ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ni wọ́n ti ń gbéra gẹ́gẹ́ bí ìgbì afẹ́fẹ́ àti òjò tí ń ṣí láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n a jáde sórí òkun ní ìhà erékùṣù Cape Verde, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ a fún wọn ní agbára, wọ́n a sì kọlu àwọn erékùṣù Caribbean àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàárín oṣù Kẹfà àti oṣù Kọkànlá. Òmíràn nínú wọn a yí padà, a gba orí Atlantic bọ̀ wá bá wa níhìn-ín nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Hurricane mìíràn tó wá bá wa bẹ́ẹ̀ ni Ophelia, tí orí Atlantic gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ó dé ilẹ̀ Ireland ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 2017, ọgbọ̀n ọdún gééré lẹ́yìn ìjì 1987, tí ó sì pa ènìyàn mẹ́ta níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni oòrùn pọ́n kuku lójú ọ̀run London lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ènìyàn dúró ní Rye Lane tí wọ́n ń wòkè, nítorí pé ìjì náà kó eruku Sàhárà àti èéfín igbó tó ń jó ní Portugal àti Spain dání. Mo mọ àwọn tó sọ lọ́jọ́ náà pé òpin ayé ti dé. Ó dára kí a mọ okùnfà nǹkan, kí ẹni tí ń tọ́jú àgbà má baà fi ìbẹ̀rù ara rẹ̀ kún ìbẹ̀rù ẹni tí ó ń tọ́jú.

Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí kì í ṣe tuntun ní àdúgbò wa. Ní 1807 ni àwọn onígbàgbọ́ kan ní London dá ẹgbẹ́ Aged Pilgrims' Friend Society sílẹ̀ láti máa ran àwọn Kristẹni arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lọ́wọ́. Ní 1837 wọ́n kọ́ ilé fún wọn ní Sedgmoor Place ní Camberwell, ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Peckham, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní olónìí, tí ó ń ṣe ìtọ́jú àgbà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Asylum Road, lẹ́bàá Queens Road, àwọn tí ń ta ọtí ní ìlú yìí kọ́ ilé ìfẹ̀yìntì tiwọn láti 1827 pẹ̀lú ilé àdúrà láàárín rẹ̀. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ nígbà ogun Hitler, ilé àdúrà náà sì dúró síbẹ̀ di ìsinsìnyí. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò gbẹ́yìn nínú ìsìn náà. Ní Sumner Road ní Peckham yìí ni Thomas Brem-Wilson, ọmọ Gold Coast, ti dá ìjọ sílẹ̀ ní 1906. Ní Queens Road ni Dókítà Harold Moody, ọmọ Jamaica, ti ń wo àwọn aláìsàn sàn, ọkùnrin tí ó dá ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples sílẹ̀ ní 1931. Nígbà tí ohun ìjà V-2 bọ́ lu ṣọ́ọ̀bù ní New Cross ní oṣù Kọkànlá 1944, tí ó pa ènìyàn 168, ó wà lára àwọn dókítà tí wọ́n sáré lọ dúró ti àwọn tó fara pa. Ẹni tí wọn kò gbà síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni ó dúró ti ìlú náà lọ́jọ́ ibi. Bí ẹ bá wọ aṣọ iṣẹ́ yín lówùúrọ̀, ẹ rántí pé ipasẹ̀ àwọn ènìyàn ńlá ni ẹ ń tọ̀.

Ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́, tí mo sì gbà pé ó ga ju gbogbo ìyókù lọ, ni pé ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àgbà. Tọ́ọ̀ṣì ṣeé rà ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, kúbùsù ṣeé rà, ṣùgbọ́n ìfọkàntán kò sí lọ́jà Rye Lane. Ẹni tí ó mọ̀ pé Bàbá kan kì í gbọ́ràn ní etí òsì, pé Màmá kan kì í sùn bí a bá ti ilẹ̀kùn, pé òmíràn ti pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú bọ́ǹbù nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tí ariwo fèrèsé tó ń gbá sì ń dá a padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn, onítọ̀hún ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí ìjì tó dé.

Láti ibi orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àṣà tiwa, a kì í pe àgbà lórúkọ. Ara ọmọ Yorùbá a bù máṣọ bí a bá ní kí ó dúró níwájú ẹni tó tó ìyá rẹ̀ àgbà bí, kí ó pè é ní orúkọ tí àwọn òbí sọ ọ́. Àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó jẹ́ pé orúkọ àbísọ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́, tí a bá pè wọ́n ní Màmá, wọ́n a ní àwọn kò bí wa. Àwọn ìyá láti Jamaica àti Barbados, tí wọ́n ti ṣe nọ́ọ̀sì tàbí wa bọ́ọ̀sì ní London fún ọgbọ̀n ọdún, a máa bínú sí ọmọdé tó bá pè wọ́n ní dálìn. Orúkọ ìdílé wọn pẹ̀lú Mrs níwájú, tàbí Sister bí ó ti rí ní ìjọ wọn, ni ọ̀wọ̀ lójú wọn. Ẹ bi olúkúlùkù léèrè, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ alẹ́ ìjì, tí ó lè jẹ́ àlejò tí iléeṣẹ́ rán wá, má baà jí arúgbó nínú òkùnkùn pẹ̀lú orúkọ tí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá láti Caribbean yìí gba kí n dúró lé e díẹ̀, nítorí pé ìgbà ìjì tiwọn kì í ṣe ìgbà kan náà pẹ̀lú tiwa. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, wọn kì í sì í bẹ̀rù ìjì Peckham. Ìjì tí ó wà ní ìlú ìyá wọn ni ó ń jí wọn lóru. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé ní Jamaica ní oṣù Kẹjọ 1951 rántí Charlie, tí ó pa ènìyàn tó lé ní 150. Ẹni tí ó wà ní London ní oṣù Kẹsàn-án 1988 rántí bí ó ti ń tẹ fóònù láìsí ìdáhùn nígbà tí Gilbert ń jà. Beryl ba erékùṣù Carriacou jẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024. Melissa sì wọ Jamaica ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2025, ìjì òkun tí irú rẹ̀ kò tíì jà ní erékùṣù náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìjì ti wọ ilé tí ẹ ń ṣọ́, bí ewé kan kò tilẹ̀ mì ní Peckham Rye. Ẹ óò rí ìyá tí kò jẹun, tí ìfúnpá rẹ̀ ga, tí ó ń bínú sí gbogbo ènìyàn. Ẹ má ṣe já tẹlifíṣọ̀n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ níwájú rẹ̀ di òru. Ẹ fa àga jókòó tì í, ẹ bi í pé agbègbè wo ni àwọn ènìyàn rẹ̀ wà, St Elizabeth ni tàbí Westmoreland. Ẹ bá a tẹ fóònù, ẹ kọ orúkọ ẹni tí a ti gbóhùn rẹ̀ àti ẹni tí a kò tíì gbóhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lè máa bá a lọ láì bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú ogún ni èyí lè gbà nínú ọjọ́ tí iṣẹ́ ti kún ọwọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé ó tó òògùn.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn àgbà tiwa tí wọ́n ti ń pọ̀ sí i nínú àwọn ilé wọ̀nyí, àwọn tó wá kàwé ní àwọn ọdún 1960 pẹ̀lú èrò pé ọdún márùn-ún ni, tí ọdún márùn-ún náà sì di ọgọ́ta. Àìsàn ìgbàgbé a máa jẹ èdè tí ènìyàn kọ́ gbẹ̀yìn ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì a lọ, Yorùbá a kù. Ìyá tí kò dá dókítà lóhùn láti àárọ̀ lè dáhùn bí o bá kúnlẹ̀ tì í, tí o kí i ní ìkí ilé, tí o sì kì í. Nítorí náà, kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ẹ pe àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ béèrè oríkì rẹ̀: Àbẹ̀kẹ́ ni tàbí Àjọkẹ́, Àkànkẹ́ ni tàbí Àṣàbí, Olúfẹ̀ ni orílẹ̀ wọn tàbí Olówu, Òpómúléró tàbí Oníkòyí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òògùn rẹ̀. Lóru tí fèrèsé bá ń gbọ̀n, tí iná bá kú, tí ó bá ń pariwo pé kí a wá gbé òun lọ sílé, ẹni tí ó bá di ọwọ́ rẹ̀ mú tí ó ń rọra pè é ní Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí ogun kì í bà lẹ́rù, yóò rí i bí èémí rẹ̀ yóò ti máa rọlẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ó jẹ́ ìtìjú fún Yorùbá láti ní òbí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ni fún ọmọ tí kò yọjú, tí kò mọ oríkì ìyá rẹ̀ láti fi rán olùtọ́jú.

Ó kan ọ̀ràn iná. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, nígbà tí ìjì Irma jà ní Florida, ẹ̀rọ amúlétutù kan kú ní ilé àwọn arúgbó kan ní Hollywood Hills. Ooru mú fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń tẹ fóònù, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò wá tún un ṣe, àgbà méjìlá sì kú, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá tí iná wà nínú rẹ̀ kò ju ìtòsí lọ. Afẹ́fẹ́ kò wó ilé náà. Ìdúródeni ni ó pa wọ́n. Bí ẹ bá rí i pé ara àgbà kan ń yí padà, tí ó gbóná kọjá tàbí tí ó tutù kọjá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ẹ má ṣe dúró de ọ̀gá tó wà lórí fóònù. 999 ni ẹ óò pè, ẹ ó sì ro ẹjọ́ lẹ́yìn náà.

Ní ti àwọn ohun tí ẹ lè ṣe kí iná tó kú, UK Power Networks ni wáyà rẹ̀ gbé iná wọ ìhà tiwa, nọ́ńbà 105 sì ni a fi ń pè wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Priority Services Register, tí kò gba kọ́bọ̀. Àgbàlagbà tó ti tó gba owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tí ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn tàbí ẹ̀rọ mìíràn tí iná ń gbé ṣiṣẹ́, lè fi orúkọ síbẹ̀, kí wọ́n lè kọ́kọ́ rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí wa tó ń dá gbé nínú fúláàtì ní Peckham kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ lè bá wọn ṣe é lórí fóònù lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ sì kíyè sí tẹlifóònù ilé: wọ́n ń pa èyí tó ń gba wáyà àtijọ́ rẹ́, oṣù Kíní 2027 ni wọ́n sì fi àdéhùn sí, èyí tuntun tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣiṣẹ́ bí iná bá kú, ìdè ọrùn tí arúgbó ń tẹ̀ bí ó bá ṣubú sì lè dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó fún un bóyá bátìrì wà nínú rẹ̀.

Nínú ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀, ibùsùn afẹ́fẹ́ tí ó ń dáàbò bo ara kúrò lọ́wọ́ egbò yóò rọ̀ bí iná bá kú, àgbà náà yóò sì dùbúlẹ̀ lórí irin. Ẹ mọ yàrá tí wọ́n wà, kí ẹ sì yí wọn padà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé, nítorí pé a kì í wọ líìfù nígbà tí ìkìlọ̀ bá wà lórí iná. Ẹ má ṣe máa ṣí fíríìjì tí ìńsúlínì wà nínú rẹ̀ láìnídìí. Ẹ kó ìyẹ̀fun tí a fi ń mú omi ki fún àwọn tí omi ń fa ikọ́ sún mọ́ wọn. Àbẹ́là kò gbọdọ̀ wọ ibi tí ọ́síjìn wà. Tọ́ọ̀ṣì ni, pẹ̀lú bátìrì tí a ti dán wò. Kí yàrá má ṣe tutù ju ìwọ̀n 18 lọ, kí ẹ sì rántí pé àgbà tí ó jókòó gbọ̀rọ̀ kì í mọ̀ pé òtútù ń wọ òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2022, ojú ọjọ́ gbóná dé 40.3 ní Coningsby ní Lincolnshire, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí. Àwọn àgbà tó lé ní 2,800 ni iye ikú fi kọjá ti ìgbà gbogbo láàárín ooru ọdún náà ní England. Ojú ọ̀run tó mọ́ kedere lè pa arúgbó ju èyí tó ṣú lọ.

Ní ti àdúrà, mo jẹ́ ẹni tí ń gbàdúrà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lódì. Àwọn olùwádìí láti yunifásítì Roehampton ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó tó 240 ní Southwark nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2013, Ìjọ Olúwa Àládúrà ti wà ní gúúsù London láti 1964, Kérúbù àti Séráfù tẹ̀lé e ní ọdún kejì. Bí ohùn nìkan bá lè dá ìjì dúró, ewé kan kì bá tí já ní Old Kent Road. Nóà bá Ọlọ́run rìn, ó sì kan ọkọ̀ kí òjò tó ṣú. Mo ti rí ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọrin kíkan ní pálọ̀ nígbà tí ìjì ń jà, tí bàbá kan sì jókòó nínú ẹ̀wù títutù ní òkè, tí ó ń tẹ agogo. Ẹ kọ́kọ́ wọ gbogbo yàrá, ẹ fọwọ́ kan ọwọ́ olúkúlùkù, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó tutù, ẹ fún ẹni tí ó fẹ́ omi ní omi. Lẹ́yìn náà, ẹ gbàdúrà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, nítorí pé igbe òru ń da orí àwọn tí ìgbàgbé ń ṣe rú. Orin tí àgbà náà mọ̀ láti kékeré, orin Wesley tàbí ti Sankey, ni kí ẹ kọ, kì í ṣe èyí tó jáde lọ́dún yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà tí ọpọlọ wọn ṣì mú gbàdúrà fún ẹ̀yin náà, nítorí pé iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ó sì ń dùn wọ́n bí a bá gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹ̀yin fúnra yín pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú yín kò gbé ní ìtòsí. Thamesmead ni ẹlòmíràn ti ń bọ̀, Croydon ni òmíràn, ọkọ̀ ojú irin sì ni ó kọ́kọ́ ń dúró lọ́jọ́ ìjì, kí bọ́ọ̀sì 36 àti 63 tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara falẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ìkìlọ̀ pupa, kí ó ti ilé mú aṣọ ìsùn dání, kí ó sì ti bá aládùúgbò tàbí ará ìjọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó jáde, nítorí pé ọkàn tó wà lọ́dọ̀ ọmọ kékeré tí ó dá wà nílé kò lè wà níbi iṣẹ́. A kì í fi àgbà sílẹ̀ kí ẹni tí yóò gba ipò wa tó dé. Ẹ̀yin alábòójútó, tí ẹ ń ní kí ènìyàn sùn síbi iṣẹ́ nítorí ìjì, ẹ sanwó òru náà, ẹ fún wọn ní oúnjẹ gbígbóná àti ibi tí wọn yóò nà sí. Ẹ má ṣe fi orúkọ Kristi bo owó iṣẹ́ ọmọ ẹni mọ́lẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ọwọ́ tí a rẹ́ jẹ kì í sì í jọ mọ́ra.

Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ewu kò tíì tán. Ewé tútù lójú ọ̀nà, ẹ̀ka tó rọ̀ sórí igi, páànù tó ń ṣí, ni ó ń gbé arúgbó ṣubú ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn bá yọ tí gbogbo ènìyàn bá ń mí ìmí ìdẹ̀ra. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èyí tí ó wà lẹ́yìn àgbà tí eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù lórí ibùsùn tí òmíràn kì í ti í dìde mọ́. Ẹ gbá ojú ọ̀nà kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ẹ pe àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n gbọ́ ohùn òbí wọn kí wọ́n tó gbọ́ ìròyìn lórí rédíò.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan tí mo fẹ́ bẹ àwọn ìjọ wa. Fún àgbà kan tó wà nínú ilé ìtọ́jú ní Peckham, ọ̀pọ̀ wà tó ń dá gbé nínú fúláàtì gíga, tí kò ní olùtọ́jú tí ń wọ aṣọ iṣẹ́. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan mú òpópónà kan tàbí ilé gogoro kan, kí ó kọ orúkọ àwọn tó lé ní àádọ́rin ọdún tó wà níbẹ̀, yálà wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí wọn kò jẹ́, kí ó yan ènìyàn méjì fún olúkúlùkù, kí àwọn méjèèjì sì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì dára, kí ó lè dá wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n bá tún dé nínú òkùnkùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbé àjà òkè pátápátá, níbi tí líìfù kì í pẹ́ kú.